Ìgbòkun Wo Ni Ó Yẹ Kí A Ta Sí Ọkọ̀ Wa?

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń dáko létí Adágún Kàìǹjì ni ọ̀rọ̀ yìí wà fún. Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ti ajílẹ̀ tàbí ti irúgbìn. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tí ó ń gbé irè oko wa dé ọjà ni.

Gbogbo wa ni a mọ bí epo bẹntiróòlù ti gbówó lórí tó. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 ni ìjọba àpapọ̀ kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin. Epo tí a ń rà ní iye tí kò tó ₦200 fún lítà kan ṣáájú ọjọ́ náà di nǹkan bí ₦500 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Kí ọdún 2024 tó parí, ó ti tó ₦1,000 ní ọ̀pọ̀ ibi. Ẹni tí ó bá kó àgbàdo sọdá omi báyìí, apá kan èrè rẹ̀ ti jóná nínú ẹ́ńjìnnì kí ó tó dé ìsọ̀. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ nínú yín ṣe ń wá sí ọ́fíìsì wa, tí ẹ ń béèrè pé, “Irú ìgbòkun wo ni ó dára jù?” Àwọn kan ní èyí tí baba àwọn lò ní ọ̀sà ni. Àwọn mìíràn ní àwọn fẹ́ èyí tí ó ga fíofío bí àwọn ṣe rí i nínú àwòrán.

Ìdáhùn wa kò gùn. Ìgbòkun tí ó dára jù fún ọkọ̀ ìdílé ni èyí tí ẹ lè sọ̀ kalẹ̀ sínú ọkọ̀ kí ẹ tó ka ení dé ẹ̀wá. Ìyára rẹ̀ àti ẹwà rẹ̀, ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n ń bọ̀. Ẹ jẹ́ kí a ṣàlàyé ìdí tí a fi sọ bẹ́ẹ̀.

OHUN TÍ OJÚ WA RÍ

A kò ní fi àṣìṣe wa pamọ́ fún yín. Ìgbòkun àkọ́kọ́ tí ọ́fíìsì wa bá ìdílé kan ṣe ní ibùdó yìí, a rán aṣọ rẹ̀ mọ́ òpó láti òkè dé ìsàlẹ̀, a sì ta okùn rẹ̀ ní kókó líle kí ó má baà tú. Ó dára lójú, ó sì sáré. Ní oṣù kẹrin, bàbá, ìyá àti àwọn ọmọ wọn méjì ń kó gaàrí lọ sí ọjà, ìjì sì já lù wọ́n láti ìhà ìlà-oòrùn. Bàbá fẹ́ sọ ìgbòkun kalẹ̀, kò ṣe é sọ̀. Ó fẹ́ tú okùn, omi ti mú kókó náà le bí òkúta. Ọkọ̀ ti ń fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, omi sì ń wọlé. Ìyá ni ó fa ọ̀bẹ tí ó fi ń bẹ ẹ̀gẹ́ yọ, tí ó gé okùn náà. Àpò gaàrí mẹ́jọ bá omi lọ, ṣùgbọ́n àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin padà wá sílé. Ọ̀bẹ ìyá yẹn ni ó gbà wọ́n, nítorí ohun tí àwa kọ́ wọn kò lè gbà wọ́n ní ọjọ́ náà. Láti ìgbà náà ni a ti jókòó ti ọ̀rọ̀ yìí dáadáa.

OMI TÍ A WÀ LÓRÍ RẸ̀

Kí ẹnikẹ́ni tó yan ìgbòkun, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ mọ omi tí òun ń wa ọkọ̀ lórí rẹ̀. Ní ọdún 1964 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí ìsédò Kàìǹjì, ní ọdún 1968 sì ni omi Odò Ọya kún ẹ̀yìn rẹ̀. Ó bo ìlú Bùsà àtijọ́, ó bo àwọn òkúta ibi tí omi ti máa ń ru gùdù tẹ́lẹ̀, ó sì bo erékùṣù Foge tí àwọn Gungawa aládùúgbò wa ń gbé. Ibi tí ó jẹ́ odò tẹ́ẹ́rẹ́ di adágún tí ó gùn ju kìlómítà 130 lọ, tí ibi tí ó fẹ̀ jù nínú rẹ̀ sì ju kìlómítà 20 lọ. Nítòsí ìsédò, omi náà jinlẹ̀ ju mítà 50 lọ.

Ohun mẹ́ta ni èyí kọ́ wa. Èkíní ni pé afẹ́fẹ́ tí ó bá rí gbangba omi tó bẹ́ẹ̀ fẹ́ lé yóò gbé ìgbì ńlá dìde. Èkejì ni pé ọ̀pá ìtukọ̀ kò lè kan ìsàlẹ̀ ní àárín adágún, bí àjẹ̀ bá sì bọ́ lọ́wọ́ ẹni, kò sí ohun tí a ó fi gún ilẹ̀. Ẹ̀kẹta ni pé omi yìí ń gòkè, ó sì ń sọ̀ kalẹ̀ tó nǹkan bí mítà 10 láàárín ọdún kan. Nígbà tí ó bá fà, pàápàá ní nǹkan bí oṣù keje, kùkùté àwọn igi tí omi bò máa ń súnmọ́ ojú omi, ọkọ̀ tí ó bá ń sáré sì lè fi ìdí sọ wọ́n.

Afẹ́fẹ́ náà ní àkókò tirẹ̀. Láti bí oṣù kọkànlá dé oṣù kejì, ọyẹ́ ń fẹ́ láti àríwá àti ìlà-oòrùn. Ó máa ń le sí i láàárọ̀ bí oòrùn bá ti ń gòkè. Nígbà òjò, afẹ́fẹ́ láti gúúsù àti ìwọ̀-oòrùn ni ó pọ̀ jù. Nítorí náà, afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ń ran ẹni tí ó ń ti ìhà Yelwa bọ̀ sí ìhà New Bussa lọ́wọ́, afẹ́fẹ́ òjò sì ń ran ẹni tí ó ń lọ sí òkè odò lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí òjò ń bẹ̀rẹ̀ àti nígbà tí ó ń parí lọ, ìjì líle a máa já láti ìlà-oòrùn lójijì, òdìkejì ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ tẹ́lẹ̀. Ìjì yìí ni ó ń pa ọkọ̀. Ẹ rántí pé bí eré afẹ́fẹ́ bá di ìlọ́po méjì, agbára tí ó fi ń ti ìgbòkun di ìlọ́po mẹ́rin.

Nítorí èyí ni a kò fi lè gba ọ̀rọ̀ àwọn tí wọ́n ń wí pé ohun tí baba àwọn lò ní ọ̀sà tó fún wọn. Ọ̀sà Èkó kò jìn ní ọ̀pọ̀ ibi, bẹ́ẹ̀ náà ni adágún Nokoué tí ìlú Ganvié wà lórí rẹ̀ ní ilẹ̀ Benin. Níbẹ̀, bí ìgbòkun bá dá wàhálà sílẹ̀, ọ̀pá yóò kan ilẹ̀. Àwọn àgbà ní, bí a ti ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni.

ORÍṢI ÌGBÒKUN MẸ́RIN

Ìgbòkun àtayébáyé pọ̀ láyé, ṣùgbọ́n mẹ́rin ni a lè bá pàdé tí a sì lè fi ọwọ́ ara wa ṣe.

1. Ìgbòkun onígun mẹ́rin tí a nà sí iwájú. Èyí ni aṣọ fífẹ̀ tí a nà dábùú ọkọ̀, tí afẹ́fẹ́ ń ti láti ẹ̀yìn. Òun ni ó lọ́jọ́ lórí jù. Àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ lò ó lórí odò Náílì, nítorí pé odò náà ń ṣàn lọ sí àríwá, afẹ́fẹ́ sì ń ti àríwá bọ̀. Wọ́n ta ìgbòkun nígbà àlọ, omi sì gbé wọn bọ̀ nígbà àbọ̀. Irú rẹ̀ tí a fi àpò rán, tí a sì fi ọ̀pá nà, ni ọ̀pọ̀ nínú yín ti rí lórí ọkọ̀ àwọn tí ń wa iyanrìn ní Ọ̀sà Èkó. Kò náni lówó, ọmọdé sì lè mọ̀ ọ́n. Àléébù rẹ̀ ni pé bí afẹ́fẹ́ bá yí padà sí iwájú, iṣẹ́ rẹ̀ ti parí. Bí a bá sì ti de ọ̀pá rẹ̀ mọ́ ọkọ̀, kò rọrùn láti wó o lójijì.

2. Ìgbòkun ọlọ́pàá ìdábùú. Aṣọ onígun mẹ́rin ni èyí náà, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan wà lára òpó, ọ̀pá gígùn kan sì ti ìsàlẹ̀ òpó dábùú aṣọ náà lọ ti igun òkè síta. Òpó rẹ̀ kúrú, igi rẹ̀ sì fúyẹ́. Irú rẹ̀ ni ó wà lára ọkọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní Optimist, èyí tí Clark Mills yàwòrán rẹ̀ ní Florida ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní ọdún 1947, tí a sì fi ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ìgbòkun títa káàkiri ayé títí di òní. Bí afẹ́fẹ́ bá le, a lè yọ ọ̀pá ìdábùú náà, ìgbòkun yóò sì dín kù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé aṣọ náà ṣì wà lára òpó, yóò máa lu fàpà-fàpà, nítorí pé a so ó mọ́ òpó ni. Irú èyí ni a ṣe fún ìdílé tí a sọ̀rọ̀ wọn lókè.

3. Ìgbòkun onígun mẹ́ta ti àwọn Lárúbáwá. Igi gígùn kan ni a fà gòkè ní ìdàgẹ̀rẹ̀, aṣọ onígun mẹ́ta sì rọ̀ sí abẹ́ rẹ̀. Ó wà lórí odò Náílì dòní, ó sì wà ní etíkun ìlà-oòrùn Áfíríkà. Ó mọ afẹ́fẹ́ ẹ̀gbẹ́ gbà ju ti èkíní lọ. Ṣùgbọ́n igi rẹ̀ a máa gùn tó ọkọ̀ fúnra rẹ̀ nígbà mìíràn. Bí ó bá wó lulẹ̀ sínú ọkọ̀ tí ó kún fún àpò àgbàdo àti ọmọ wẹ́wẹ́, ibi tí yóò sùn sí kò sí. Ó yẹ fún ọkọ̀ tí ó ní atukọ̀ púpọ̀, kò yẹ fún ìdílé.

4. Ìgbòkun onígi orí. Aṣọ onígun mẹ́rin ni, a so etí òkè rẹ̀ mọ́ igi kan tí a ń pè ní igi orí. Okùn kan ṣoṣo ni ó fa igi orí yìí gòkè òpó. A kì í so okùn náà mọ́ àárín igi. A ń so ó sí ìdá mẹ́ta rẹ̀ láti iwájú, kí apá kúkúrú lè wà níwájú òpó, kí apá gígùn sì wà lẹ́yìn. Àwọn apẹja ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti Faransé fi irú èyí jẹun fún ọdún pípẹ́, ìgbòkun àwọn ará Ṣáínà tí ó ní ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ nínú sì jẹ́ ọmọ ìyá rẹ̀.

Ní ti èyí tí ó ga fíofío nínú àwòrán, ẹ jẹ́ kí ó wà nínú àwòrán. Òpó rẹ̀ gbọ́dọ̀ ga, a gbọ́dọ̀ fi wáyà fà á mọ́ ọkọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì àti níwájú. Bí wáyà kan bá já, òpó wó. Ọkọ̀ pákó wa kò ní egungun tí ó lè gba irú ìfà bẹ́ẹ̀.

ÈYÍ TÍ A YÀN

Ìgbòkun onígi orí ni a gbà yín nímọ̀ràn láti lò lórí adágún yìí. Ìdí mẹ́rin ni ó wà.

Àkọ́kọ́, bí ẹ bá ti tú okùn kan ṣoṣo náà sílẹ̀, igi orí àti aṣọ yóò já bọ́ sínú ọkọ̀ nípa ìwúwo ara wọn. Kò sí ohun tí ó kù lókè bí kò ṣe òpó gbọọrọ. Ìkejì, òpó rẹ̀ kúrú, nítorí igi orí ni ó gbé igun aṣọ ga. Agbára afẹ́fẹ́ kò sì jìnnà sókè láti dojú ọkọ̀ dé. Ìkẹta, kò nílò wáyà kankan. Ìkẹrin, kò nílò igi ní ìsàlẹ̀ aṣọ, nítorí náà kò sí igi tí yóò gbá ọmọ yín lórí bí afẹ́fẹ́ bá gba ẹ̀yìn yí i lójijì.

Ó ní àléébù tirẹ̀. Kò lè bá ti onígun mẹ́ta dọ́gba bí a bá fẹ́ súnmọ́ ojú afẹ́fẹ́. Ṣùgbọ́n kò sí ìgbòkun kankan láyé tí ó lè gbé ọkọ̀ lọ tààrà sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá kọjú sí yín, ẹ sọ ìgbòkun kalẹ̀, kí ẹ mú àjẹ̀.

BÍ A ṢE Ń ṢE É

Fún ọkọ̀ pákó tí ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 18, tí ó sì fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 4, ìwọ̀n tí ó tó nìyí. Etí òkè aṣọ, ẹsẹ̀ bàtà 7. Etí ìsàlẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà 7. Etí iwájú, ẹsẹ̀ bàtà 4 àti ààbọ̀. Etí ẹ̀yìn, ẹsẹ̀ bàtà 9. Ẹ ya á sílẹ̀ lórí ilẹ̀ gbígbẹ pẹ̀lú okùn àti èèkàn kí ẹ tó gé aṣọ. Ẹ má ṣe sọ ọ́ di ńlá ju báyìí lọ ní ọdún àkọ́kọ́, bí ó ti wù kí aládùúgbò fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ tó.

Aṣọ tapólì dára. Àpò ajílẹ̀ tí a fọ̀ mọ́, tí a sì rán pọ̀ ní ìlọ́po méjì, dára pẹ̀lú, ṣùgbọ́n oòrùn a máa jẹ ẹ́, nítorí náà ẹ máa ká a sí abẹ́ òrùlé. Ẹ ṣẹ́ etí rẹ̀ yípo, kí ẹ sì fi okùn sínú ìṣẹ́tí náà. Ní ẹsẹ̀ bàtà kan àti ààbọ̀ sókè láti ìsàlẹ̀, ẹ rán okùn kéékèèké mọ́ ọn ní ọ̀wọ́, kí ẹ lè ká ìsàlẹ̀ aṣọ kí ẹ sì dì í nígbà tí afẹ́fẹ́ bá ń le. Èyí ni a ń pè ní dídín ìgbòkun kù.

Òpó tí ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 9 tó. Ẹ lè fi igi tíìkì tààrà ṣe é. Igi orí lè jẹ́ ọparun tí ó gbó dáadáa, tí ó gùn díẹ̀ ju etí òkè aṣọ lọ. Ìdí òpó gbọ́dọ̀ jókòó nínú ihò pákó tí a kàn mọ́ ilẹ̀ ọkọ̀, kí ó sì gba inú ihò mìíràn kọjá lára pákó ìjókòó iwájú. Ẹ jẹ́ kí ẹni tí ó kan ọkọ̀ yín ṣe èyí. Bí ihò náà bá lọ̀, òpó yóò fọ́ ọkọ̀. Lórí òpó, ẹ ya ihò tí ó dán, kí ẹ fi ọ̀rá pa á, kí okùn má baà há.

Igun iwájú ìsàlẹ̀ aṣọ ni a ó so mọ́ ara òpó. Igun ẹ̀yìn ìsàlẹ̀ ni a ó so okùn ọwọ́ mọ́. Okùn yìí, ọwọ́ ènìyàn ni ilé rẹ̀. A kò gbọ́dọ̀ so ó mọ́ ọkọ̀ láéláé. Bí afẹ́fẹ́ bá gbá ọkọ̀ fì, ẹni tí ó dì í mú yóò jọ̀wọ́ rẹ̀, aṣọ yóò sì da afẹ́fẹ́ nù. Okùn tí ó fa igi orí gòkè, ẹ so ó ní ojóbó tí a lè fi ọwọ́ kan fà tú.

Ohun kan ṣì kù. Ìdí ọkọ̀ wa tẹ́ pẹrẹsẹ, nítorí náà afẹ́fẹ́ ẹ̀gbẹ́ yóò máa gbé e yọ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́. Ẹ wá pákó tí ó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 1, tí ó sì gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 4, kí ẹ fi okùn so ó kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ní àárín, ní ìhà tí afẹ́fẹ́ ń gbé ọkọ̀ lọ. Ìdajì rẹ̀ tí ó wọ inú omi ni yóò di ọkọ̀ mú.

ÌDÁNWÒ KÍ A TÓ KÓ ẸRÙ

Ẹ má ṣe kó irè oko tàbí ọmọ sínú ọkọ̀ títí ẹ ó fi ṣe ìdánwò yìí. Kí àgbà méjì lọ sí ibi tí omi kò ti ju àyà lọ, ní àárọ̀ tí afẹ́fẹ́ fúyẹ́. Kí wọ́n ta ìgbòkun. Kí ẹni kan ní etí omi kígbe pé, “Ẹ sọ̀ ọ́!” kí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí kà. Bí aṣọ bá ti wà nínú ọkọ̀ kí ó tó ka ẹ̀wá, ó dára. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ wá ohun tí ó há. Ẹ ṣe é ní ìgbà ogún. Lẹ́yìn náà, kí ìyá ilé ṣe é, kí ọmọ tí ó ti tó bá wọn tukọ̀ náà ṣe é. Ìjì kò ní béèrè ẹni tí ó di okùn mú lọ́jọ́ náà.

OHUN TÍ ÌGBÒKUN KÒ LÈ ṢE FÚN YÍN

Ìgbòkun rere kò lè gba ọkọ̀ tí a di ẹrù jù. Ní ọjọ́ 26 oṣù karùn-ún ọdún 2021, ọkọ̀ onígi kan tí ó gbéra láti Ìpínlẹ̀ Niger lọ sí Wara ní Ìpínlẹ̀ Kebbi fọ́ lójú omi ní agbègbè wa yìí. Àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ lé ní 150, àwọn aláṣẹ sì sọ pé iye tí ó yẹ kí ó gbé kò ju 80 lọ. Àwọn tí wọ́n kú lé ní 70. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí a tún gbọ́ irú rẹ̀.

Nítorí náà, kí olúkúlùkù wọ ẹ̀wù ìléfòó, kí ọmọ wọ èyí tí ó bá a mu. Ẹ má ṣe wa ọkọ̀ lóru. Àjọ NIWA tí ó ń bójú tó ọ̀nà omi ilẹ̀ wa kò fàyè gbà á. Kí àjẹ̀ méjì, igbá ìgbọ́nmi àti ọ̀bẹ mímú má ṣe wọ́n nínú ọkọ̀. Bí ẹ bá rí i tí ojú ọ̀run ṣú dùdù ní ìhà ìlà-oòrùn, tí afẹ́fẹ́ sì dákẹ́ lójijì, ẹ má dúró wò ó. Ẹ sọ ìgbòkun kalẹ̀, ẹ yọ òpó, ẹ jókòó sí ilẹ̀ ọkọ̀, kí ẹ sì tukọ̀ sí èbúté tí ó súnmọ́ yín jù. Bí ọkọ̀ bá sì dojú dé, ẹ di ara rẹ̀ mú. Pákó kì í rì. Ẹni tí ó bá ní òun yóò lúwẹ̀ẹ́ dé etí omi ni omi sábà máa ń gbé lọ.

Ìdílé tí a sọ̀rọ̀ wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ ti padà sí orí omi. Ìgbòkun onígi orí ni wọ́n ń lò báyìí, ìyá náà ni ó sì ń jókòó ti okùn rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ wo bí a ṣe rán an, kí ó wá bá wa ní ọ́fíìsì. Àwòrán rẹ̀ wà lára ògiri, aṣọ tí a fi ń kọ́ni sì wà nílẹ̀. Ẹ má kánjú. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ọjà yín tà, kí ó sì máa mú gbogbo wa gúnlẹ̀ ní àlàáfíà.